Ọkọ̀ Tí A Fi Ebi Pa Títí Di Fídáù

Lẹ́yìn tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó ra ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Kò sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò wa ní Òṣogbo, òun náà kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, yóò dúró ti ọkọ̀ náà títí ẹnì kan yóò fi béèrè ibi tí wọ́n ń da epo sí. “Kì í mu epo,” ni yóò wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í mu ọtí.

Ohun mìíràn tó fi ń yangàn ni wáráǹtì bátìrì rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin títí ó fi há wa lórí. Gbogbo bátìrì ló ń darúgbó. Iná tó lè gbà sínú máa ń dín kù lọ́dọọdún, àwọn tó tà á ò sì dá sí ìyẹn. Àmọ́ bí agbára rẹ̀ bá wálẹ̀ kọjá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún mẹ́jọ tó pé, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò ní sọ ọ́ di tuntun o. Wọ́n á kàn gbé e padà sókè àádọ́rin ni. Bàbá mi á wá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, á ní, “Èyí ò ní wáráǹtì kankan.”

Nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì lágbára, a máa ń bá a dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ká sì padà sílé láìfi wáyà iná kàn án. Nígbà tó yá, Iléṣà ni àlọ-àbọ̀ rẹ̀ mọ. Ilẹ̀ tó lè rìn ń fà sẹ́yìn bí omi kànga nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Bàbá mi fi ọkọ̀ ńlá gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn tó tà á ní Èkó, wọ́n ní ó ti wálẹ̀ kọjá àádọ́rin lóòótọ́, kó gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀ fún àtúnṣe. Ó délé bí ẹni tó yege ìdánwò. Àbúrò mi ló fẹ́ fún. Ìjọba ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Iléṣà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo. Bí kò bá sí ọkọ̀ tó lè lọ kó sì bọ̀, àfi kó máa rí àwọn ọmọ náà ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan.

Bàbá mi ti Iléṣà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó páàkì ọkọ̀ náà, kò tíì fi wáyà bọ̀ ọ́, ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá. Ibi tó ti ń ṣe é náà ló kú sí.

Nínú ẹbí wa, a kì í fọwọ́ kan ohun tí olóògbé lò gbẹ̀yìn títí fídáù ogójì ọjọ́ á fi kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí, tó lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì tó sì ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò agbádá rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kàn fi wáyà iná bọ ọkọ̀ náà, nítorí ẹni tó bá fi bátìrì sílẹ̀ lófìfo fún ìgbà pípẹ́ ti ba wáráǹtì jẹ́. Ó wò mí tàánútàánú.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, “ẹni tó ni ín ti jẹun kẹ́yìn. Ta lo fẹ́ fún lóúnjẹ?”

Gbogbo ilé ṣe àmín, bí ẹni pé àdúrà ni.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀sán gangan ni, kò sẹ́nì kankan nítòsí rẹ̀. Á kùn díẹ̀, á dákẹ́, iná iwájú rẹ̀ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì ni, tí oòrùn bá mú. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo rí i pé ibi tí mo dúró sí jìnnà sí ọkọ̀ náà gan-an. Àwọn obìnrin ilé kò jiyàn. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n bá ń kọjá, ẹnì kan sì gbé kẹ́tùlù àlùwàlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi inú kẹ́tùlù náà ń dín kù. Mo ní oòrùn ló ń fà á.

Ohùn ọkọ̀ náà ń rẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́, bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí fídáù kù díẹ̀, ó dákẹ́ pátápátá.

“Ó ti dé ibi tó ń lọ,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. Gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àbúrò mi fẹnu kò mí létí. “Bùrọ̀dá mi, bátìrì mi ló lọ yẹn.”

Lẹ́yìn fídáù, wọ́n fi àdúrà gígùn fún àbúrò mi ní kọ́kọ́rọ́. A fi ọkọ̀ ńlá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Èkó. Wọ́n jí i, àmọ́ agbára rẹ̀ ti wálẹ̀ jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì ti jẹ́rìí pé ó ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá wọn bá wa kẹ́dùn. Ó ní bátìrì tó darúgbó ni wáráǹtì ń gbà, kì í gba èyí tí ebi pa. Àbúrò mi rán an létí pé ó ti wà lábẹ́ àádọ́rin kí ebi tó pa á. Ọ̀gá náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ò kàn lè ya ọjọ́ ogbó sọ́tọ̀ kúrò lára ebi mọ́ ni. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ní báyìí, àlọ Iléṣà nìkan ni ọkọ̀ náà lè lọ. Ìyá kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì jẹ́ kí àbúrò mi máa fi wáyà sára sólà rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, àmọ́ bí kùrukùrù bá bo oòrùn, kì í kún. Mo bá a bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó rí bẹ́ẹ̀. A kò tíì wọ Òṣogbo tí gééjì fi di òfo.

“Ibí ló máa ń tán sí,” ló wí.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Kò tíì dá mi dúró rí.”

Mo ṣàlàyé pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ òfo. Ọkọ̀ náà ń lọ láìdún, ó gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bí àbúrò mi ṣe ṣílẹ̀kùn, ìjókòó rẹ̀ rọra sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó fàyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ gígùn. Bàbá mi ló lẹ́sẹ̀ gígùn nílé wa. Àbúrò mi ní òun ti tún un tò sí ìwọ̀n ara òun títí ó fi sú òun.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é láti inú ilé. Ó na ọwọ́ sí wáyà.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún Bàbá lóúnjẹ.”

Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo pa á dé, mo sì bá a di wáyà náà mú.