Ààrò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Hú

Èmi ni mo ní kí wọ́n hú ààrò ilé wa. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ di ẹ̀bi ru òjò tàbí òkun. Òkun ní ẹ̀bi tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà náà, ìlú wa, Ayétòrò, ṣì ń ṣe ohun gbogbo pọ̀. Ilé kì í ṣe ti ẹnì kan, ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ibi ìdáná kan náà ni oúnjẹ gbogbo wa ti ń wá. Bí òrùlé rẹ bá ń jò, wàá lọ sọ fún àwọn káfíńtà, wọn yóò sì wá. Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì iná mànàmáná ìlú, èmi ń hun aṣọ. Ilé pákó tí wọ́n fún wa dúró lórí òpó nínú ẹrẹ̀, òkun sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí iyọ̀ ń jẹ ìṣó rẹ̀.

Wọ́n ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí ilé náà, wọ́n fi páànù rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ni mo rí i pé páànù kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni lọ́sàn-án. À ń làágùn lórí ìjókòó. Mo gbẹ́jọ́ lọ bá àwọn káfíńtà, wọ́n sì gé pákó kúrò lókè ògiri méjèèjì kí atẹ́gùn òkun lè gba inú ilé kọjá. Kò tó mi. Mo ní ààrò tó wà láàárín ilé ńkọ́? Àpótí igi ńlá kan ni, tí wọ́n rọ amọ̀ sí nínú kí iná má baà jó ilẹ̀ pákó. Láti ìgbà tí a ti ń jẹun pọ̀, a kì í dáná sí i mọ́, èmi kàn ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ ṣáá ni.

Ìyá ọkọ mi ti ọ̀nà Awoye wá kí wa lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ hú u. Obìnrin tó ti ń yan ẹja láti kékeré ni, kò sì pe iná ní iná rí, uná ló ń pè é.

“Ọma mi, ẹ má hú u,” ló wí. “Uná kì í ṣe ti ọbẹ̀ nìkan.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ìyá, gílóòbù ni iná tiwa níbí.”

Ó wo gílóòbù lókè, ó sì wo ikùn mi tó ti ń yọ. Àwọn káfíńtà hú ààrò, wọ́n da amọ̀ rẹ̀ sódò. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn aládùúgbò wa náà ti hú tiwọn. Ọ̀làjú ti dé, ta ló fẹ́ gbẹ́yìn?

Oyún mi kò ju oṣù méje lọ tí ọmọ fi dé, láàárín òjò ńlá. Ọkùnrin ni. Àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi méjèèjì gbà á tán láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa.

“Ó ń mí, ó sì lè mu ọmú díẹ̀díẹ̀,” ló wí. “Òtútù nìkan ni kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mú un.”

Òtútù! Nínú ilé tí mo ti ní kí wọ́n lu òkè ògiri rẹ̀ fún atẹ́gùn. A fi àpò àti àwọ̀n ògbólógbòó dí ihò náà, atẹ́gùn ṣì ń yọ́ wọlé.

Ọkọ mi kan àpótí kékeré kan, ó so gílóòbù méjì mọ́ abẹ́ ìdérí rẹ̀, ó tẹ́ òwú ìhunṣọ mi sí i. A gbé ọmọ sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìlú gbà kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nítorí ọmọ wa, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Ọjọ́ méjì gbáko, ẹsẹ̀ ọmọ náà pọ́n, ó mu ọmú, ó tiẹ̀ ké. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí bí ẹni ń dán ayọ́nù wò. Mo rò pé a ti borí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Inúure wa ló pa á. Wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ àìsinmi. Irin kan ti sán nínú rẹ̀, Èkó nìkan ni a ti lè rí òmíràn. Ọkọ mi ní òun yóò fi ọwọ́ òun rọ ọ̀kan. Ó lọ, kò sì kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì mọ́.

A bu ẹyin iná wá láti ibi ìdáná gbogbogbò sínú bàsíà. Èéfín há ọmọ lọ́fun, pákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lábẹ́ bàsíà, a bá gbé bàsíà náà jáde. Èéfín ló kún ibi ìdáná gbogbogbò, ilé tó ṣì ní ààrò sì jìnnà. Ìyá agbẹ̀bí ní bí a bá gbé ọmọ gba inú atẹ́gùn yẹn, a ò ní gbé e dé láàyè. Mo gbé e sáyà, ṣùgbọ́n ibà ti mú mi, èmi gan-an ń gbọ̀n.

Ìyá ọkọ mi, tó ti tún wá nígbà tó gbọ́ pé mo bímọ, bá wọ ọkọ̀ nínú òjò, ó lọ sí Màhìn, nítorí iyanrìn àti ẹrẹ̀ oníyọ̀ nìkan la ní létíkun, wọn kì í gba iná. Ó kó amọ̀ dé, ó pò ó, ó rọ ọ́ sínú àpótí igi tuntun. Mo bi í pé ìgbà wo la lè dáná sí i.

“Bí òòrùn bá ràn, ọjọ́ mẹ́ta. Bí wo bá dáná sí amọ̀ tútù, á là, uná á sì bọ́ sórí pákó. Gbogbo wa la máa jóná.”

Òòrùn kò ràn. Àwọn tó wá kí wa ń wí lẹ́nu ọ̀nà pé, “Kí ilé ó tutù o.” Àdúrà rere ni, ta ló ń fi ooru ṣàdúrà fún ẹnìkejì rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n gbé ìtutù wọn lọ sílé wọn. Ojú tì mí lẹ́yìn náà, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo fi ọmú sí i lẹ́nu, kò gbà á. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo kan ikùn, mo kan àyà. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ṣì wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ayùn irin rẹ́ irin. Òun nìkan ni kò tíì mọ̀ nínú wa, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a sin ín, òòrùn ràn, ó sì ràn fún ọjọ́ mẹ́ta. Amọ̀ gbẹ, kò sì là níbì kankan. Ìyá ọkọ mi bi mí bóyá kí òun dáná sí i. Ó wù mí kí n ní rárá, ṣùgbọ́n ibà ṣì wà lára mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo ní kó dá a. Ó fa àga mi sún mọ́ ọn. Iná náà wọ̀ mí lára, ó dùn, oorun sì gbé mi lọ lórí ìjókòó, oorun gidi àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bímọ.

Mo ti tọrọ ìdáríjì nítorí ààrò tí mo hú. Oorun yẹn, tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, mi ò tíì lè tọrọ tirẹ̀.