Mo Tọ́ Ohun Tí Kò Wọ́

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí ọmọ mi ti ròyìn mi ká gbogbo Titirou, àdúgbò wa.

Aránṣọ ni mí. Bí aṣọ bá hunjọ díẹ̀, n kì í lè gbójú kúrò.

Sàdíátù ọmọ mi wà ní yunifásítì. Láti ọdún kan ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ya nǹkan pẹlẹbẹ kan tí yóò máa wà nínú táyà ọkọ̀, tí yóò máa sọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Irun orí nípọn jù ú lọ. Wọn kò tíì ṣe é; inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń wò ó bóyá yóò fọ́.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ mi; olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ wò ó láti ọ̀nà jíjìn, lójú kọ̀ǹpútà, ní aago mẹ́ta. Bó bá kọ̀ ọ́, ọmọ yóò tún ọdún náà ṣe nìyẹn.

Sàdíátù lọ kírun Àílà. Mo yọjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Háà! Nǹkan ọ̀hún yọkùn bí ìkòkò, àárín rẹ̀ pọ́n. Ṣé ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi han ọ̀gá rẹ̀ nìyí? Mo rí nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹgbẹ̀rún. Ó pọ̀ jù lójú mi. Mo pa á rẹ́, mo fi ení sí i. Ó tọ́ gbọnrangandan. Pupa yẹn nìkan ló kù.

Olùkọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Sàdíátù ní, "Ọ̀gá, ẹ wo bó ṣe ń tẹ̀."

Kò tẹ̀.

Ọ̀gá bi í bóyá táyà náà ti jò ni. Òógùn bo ọmọ. Èmi ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ tó ti lówú tẹ́lẹ̀.

Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èmi ni mo nà án."

Sàdíátù ní, "Màmá, ẹ na kí ni?"

Mo jẹ́wọ́ nọ́ńbà tí mo pa rẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní títẹ̀ náà kéré ju ohun tí ojú lè rí, kọ̀ǹpútà ló ń fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún yà á. Ó wá bi Sàdíátù: bí ojú kò bá rí i, báwo ló ṣe mọ̀ pé kò ní fọ́? Ọmọ náà ka ìwọ̀n rẹ̀ lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìwo ìwé. Ọ̀gá gbà á.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Ràímì, aládùúgbò wa, bá ní mo kọjá láìkí òun, mo ṣojú burúkú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ìgò epo òun nù, mo máa ń rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìlọ́po mélòó lẹ fi yà á?"

Lánàá ó ní, "Mẹ́ta péré."

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí n béèrè kí n tó tọ́ nǹkan. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti tọ́ rí tí kò wọ́?