Oṣù Tí Hàníyà Kò Rí

Ní abúlé wa létí òkun Gábẹ̀sì, òṣùpá ló ń pàṣẹ, àwa là ń jẹ́ iṣẹ́. A kì í gé igi ọ̀pẹ fún òrùlé nígbà tí òṣùpá bá kún, nítorí kòkòrò á jẹ ẹ́ kí ọdún tó yípo, onílé á sì tún iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. A kì í rẹ́ irun àgùntàn nígbà tí oṣù bá ń kú lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn, òfò ọwọ́ lásán ni. Omi ni kò mọ àwàdà.

Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá kún, omi wa a di omi ààyè. Á fà jìnnà débi pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun lánàá. Bó ṣe yára lọ náà ló ṣe ń yára bọ̀. Láàárín méjèèjì, omi òkú ni, kò lọ, kò bọ̀, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ọjọ́ omi ààyè ni àwọn obìnrin ń mú dòjé kékeré lọ wa karawun, ẹran tí ń fi èèpo méjì pa ara rẹ̀ dé sínú iyanrìn.

Hàníyà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Ọ̀fun. Ọ̀fun ni ojú omi tóóró tó la àárín ilẹ̀ wa àti Iyanrìn Òkèèrè, ibi tí karawun pọ̀ sí jù. Bí omi bá ń padà bọ̀, Ọ̀fun ló ń kọ́kọ́ kún. Ẹni tó wà lórí iyanrìn á máa wo ilẹ̀ gbígbẹ níwájú, kò ní mọ̀ pé lẹ́yìn òun, ọ̀nà ilé ti dí.

Láti ọdún náà ni Hàníyà ti ń ka ọjọ́. Lálẹ́ tí oṣù bá lé, á wò ó, á ta kókó kan sí ọ̀já ìbàdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kókó kan lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, á ní kí wọ́n kúrò lórí iyanrìn nígbà tí òjìji òun bá ku ẹsẹ̀ méje. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ẹsẹ̀ márùn-ún, nítorí ojoojúmọ́ ni omi ń pẹ́ sí i. Ó lé ní ogójì ọdún báyìí, kò ṣì í rí. Obìnrin kọ̀ọ̀kan a sì bu ẹ̀kúnwọ́ karawun kan fún un. Ohun tó ń jẹ nìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó rí ènìyàn, ó rí òjìji. Ṣùgbọ́n oṣù tuntun, tó tín-ín-rín bí èékánná ìkókó, kò rí i mọ́. Etí ló fi ń rí i, láti ẹnu àwọn tó ń kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, rédíò aládùúgbò ní oṣù ti lé. Dalándà, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó lóyún oṣù méje, bi í pé: “Ìyá, ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí i,” ni Hàníyà wí, ó sì ta kókó àkọ́kọ́.

Rédíò ti kánjú. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni oṣù tó lé ní tòótọ́.

Ní àárọ̀ tí kókó pé mẹ́rìndínlógún, àwọn mẹ́wàá la Ọ̀fun kọjá. Omi kò ju orúnkún lọ. Àwọn mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wa karawun. Hàníyà ti ẹsẹ̀ bọ Ọ̀fun, ó dúró ṣọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Koríko òkun ń fọwọ́ kan kókósẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá ń lọ, orí koríko a kọ sí ọ̀gbun òkun.

Ó fi ẹsẹ̀ wọn òjìji rẹ̀. Méje ni. Kó tó di márùn-ún, ó ṣì kù dáadáa.

Nígbà náà ni koríko dìde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dìde dúró, ó dà bí ẹni tó ń ronú, ó sì dojú kọ ilé.

Hàníyà fi tipátipá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ wò. Ilé ni gbogbo rẹ̀ kọ orí sí. Omi ti ń bọ̀. Òní ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe kẹrìndínlógún.

“Ẹ dìde! Ẹ dìde, ká lọ!”

Mabrúkà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju dòjé rẹ̀ lọ, kò gbé orí. “Ká lọ síbo? Òjìji yín ṣì gùn bí ìmú àna mi. Ẹsẹ̀ márùn-ún lẹ wí fún wa.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

“Mabrúkà, mo bẹ̀ ọ́!”

“Àpò mi ò tíì dé ìdajì, Ìyá. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó.”

Omi ti kúrò ní kókósẹ̀, ó ti dé agbede ojúgun. Hàníyà mọ̀ pé bí òun bá pariwo títí di ọ̀sán, wọn kò ní dìde, nítorí òun fúnra òun ló kọ́ wọn láti gba òjìji gbọ́.

“Mi ò rí oṣù!”

“Oṣù wo?”

“Oṣù yìí! Irọ́ ni mo pa. Ojú mi ti lọ. Rédíò ni mo gbọ́, ó sì fi ọjọ́ kan ṣáájú. Ọ̀fun ti ń kún!”

Ẹ̀rín gé. Ẹnì kan ju dòjé rẹ̀ nù. Wọ́n sáré.

Nígbà tí wọ́n fi dé etí Ọ̀fun, omi ti dé ìbàdí, ó sì ń wọ́ lọ láì pariwo. Hàníyà tú ọ̀já rẹ̀ tòun ti kókó. “Ẹ tú tiyín! Ẹ so wọ́n pọ̀! Dalándà, àárín!” Òun ló ṣáájú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Omi dé àyà. Ó tutù débi pé èémí kò fẹ́ wọlé. Ẹnì kan ń sunkún, ẹnì kan ń ké Kàlímà bí ẹni tó ń kú lọ. Ní ibi tó jìn jù, ẹsẹ̀ Dalándà yẹ̀.

Orí rẹ̀ wọ abẹ́ omi.

Mabrúkà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀já mú, ó fi èkejì di àpò mú lórí. Kílò mẹ́jọ ni, iṣẹ́ òwúrọ̀ odindi. Ó jù ú nù, ó sì fa Dalándà ní irun. “Dìde, ìwọ ọmọbìnrin yìí! Ṣé o fẹ́ bímọ fún ẹja ni?”

Gbogbo wọn jáde. Dalándà bi omi iyọ̀, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó ní: “Ó tapá.” Kò sí karawun kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó máa ń wá rà á láti inú ọkọ̀ wò wọ́n, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Hàníyà ń retí èébú.

“Ta ló tún rí oṣù yẹn nínú wa?” ni Mabrúkà bi wọ́n.

Àwọn yòókù tẹrí ba, wọ́n ń tú ọ̀já tí wọ́n so pọ̀.

“Mo ní ta ló gbójú sókè? Ojú méjìdínlógún tó dá ṣáṣá la gbé wọ omi, a wá di ẹ̀mí wa mọ́ méjì tó ti fọ́.” Ó fún omi kúrò ní gèlè rẹ̀. “Láti òní, ẹni tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí oṣù kò ní bá wa dé Iyanrìn Òkèèrè.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Hàníyà wí. Ó mọ ẹni tí òfin náà kọ́kọ́ mú.

Wọ́n ṣì ń bu ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ omi ààyè, kì í lè jẹun. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, títí tí yóò fi gbọ́ wọn tí wọ́n ń bọ̀. Á ka ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbọ́ mẹ́jọ, kì í lè mí, títí ẹnì kẹsàn-án yóò fi sọ̀rọ̀.