Ọkọ̀ Kékeré Badmus

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Badmus, àgbà mẹkáníìkì ní Ìkàrẹ́, sanwó àyè méjì nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ọ̀kà: ọ̀kan fún ara rẹ̀, èkejì fún ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ju bàtà ọmọdé lọ. Àsíátù ìyàwó rẹ̀, tó san owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ojú ń tì í. Nígbà tí wọ́n dé Ìwàrò-Ọ̀kà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan yọjú wọlé.

“Bàbá, kí lẹ gbé sórí àga yìí?”

“Ọkọ̀ mi ni.”

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín. “Ìwé ọkọ̀ dà?”

Badmus ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé kan jáde tí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà kà á tán, ó ní kò séwu. Ìwé awakọ̀ bọ́ọ̀sì gan-an ni kò pé.

Òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ló fún un lọ́kọ̀ yìí, lọ́jọ́ tí Badmus bá a tún ẹ́ńjìnnì ṣe lórí òkè Ọ̀kà. Òyìnbó náà ní àpẹẹrẹ kékeré ọkọ̀ eré ìje kan ni, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láti fi dán an wò, tí wọn ò sì tà rí. Látìgbà náà, ẹni tó bá pè é ní nǹkan ìṣeré ọmọdé, Badmus á wò ó tàánú-tàánú, kò sì ní fọwọ́ kan ọkọ̀ onítọ̀hún lọ́sẹ̀ yẹn.

Alájì Hussain tó ń ta sìmẹ́ńtì fẹ́ràn ọkọ̀ kékeré náà débi pé ó gbé kọ́kọ́rọ́ jíìpù rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Badmus jáde, ó yí jíìpù náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ táyà wò.

“Alájì, irú èyí mélòó ló wà ní Ìkàrẹ́?”

“Á tó ogójì.”

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín. Ohun tó bá pọ̀ báyẹn kì í wù mí.”

Àsíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ṣúpárè, iṣu wà lórí itan rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ, ó figbe ta: “Bàbá Jamilah! Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé iṣu yìí sórí itan o!”

Èyí tí ìlú ò mọ̀ nígbà náà ni ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àsíátù ń nu eruku ni ọkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn òsì sì já. Ọkùnrin tó torí nǹkan yìí kọ jíìpù, kí ni yóò sọ? Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó gbé e padà, ó sì bẹ Ọlọ́hun. Lọ́jọ́ kejì, àlejò kan na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn náà. Badmus ní, “Tọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe kó máa ṣí.” Àsíátù dúpẹ́ pé ọkọ òun ti gbàgbé pé tòsì náà ń ṣí tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú àìsàn tó gbẹ̀mí Badmus, Àsíátù ń fún un lẹ́kọ mu.

“Ìyá Jamilah, gọ́ọ̀mù tó o fi lẹ ilẹ̀kùn yẹn pọ̀ jù. Ojú ìka rẹ hàn lára rẹ̀.”

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Àsíátù. “Ẹ mọ̀? Látìgbà wo?”

“Látìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.”

“Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?”

“Mo ti rí bí ojú rẹ ṣe rí. Ṣé ọkọ̀ ni mo gbé níyàwó ni?” Ó sì lanu gba ẹ̀kọ náà.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tó ti lọ. Bí èèyàn bá bi Àsíátù pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn òsì kò ṣí, á ní òun lòun já a, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá sì ń nu ọkọ̀ náà, ó máa ń rọra nu ẹ̀gbẹ́ ibi gọ́ọ̀mù yẹn, kì í jẹ́ kí aṣọ kàn án.