Ìgbẹ́ Inú Yìnyín

Ọjọ́ tí mo gbé ìgbẹ́ àbúrò mi sáré ní Bariga kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn, èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ló ń ṣe é. Màmá wa, tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ, ri ike ìgbẹ́ náà sínú yìnyín kó má bàa bàjẹ́. Nígbà tí èmi àti màmá gbé e dé ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò pariwo: "Màmá, ẹja kọ́ lèyí! Tí kòkòrò tó ń fa ọ̀rìn bá tutù, kò ní rìn, mi ò sì ní dá a mọ̀. Ẹ mú èyí tó gbóná wá!"

Mo sáré relé, mo há ike ìgbẹ́ tuntun sábíyá kó má bàa tutù, mo tún sáré padà.

Obìnrin náà wo inú maikirosikóòpù títí, ó ní kí n wá wò ó. Nǹkan kan ń wọ́ lọ; ó ní ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ló wà nínú ikùn rẹ̀.

Oògùn ti wo àbúrò mi sàn. Èmi ni mo ṣì ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹja lórí yìnyín màmá wa, bóyá yóò rìn.