Àlejò Tí Kò Kúnlẹ̀ fún Àlájà Ṣẹ̀fíátù

Ilé kéú àtijọ́ kan wà n'Ìwó tí àwọn tó sá ogun wá láti orílẹ̀-èdè Niger ń dé sí, kí ìjọba tó dá wọn lóhùn bóyá wọ́n lè dúró. Àlájà Ṣẹ̀fíátù, opó tó ti ta ata gbígbẹ títí tí ata fi ran ahọ́n rẹ̀, ló ń bójú tó àwọn obìnrin ibẹ̀. Òun ní í wo àlejò, tí í sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ilẹ̀ sùn, nítorí fóòmù kò kárí.

Ìkíni ló fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fi orúnkún méjèèjì kan sìmẹ́ńtì, ọmọlúàbí ni, ọmọlúàbí ò sì gbọdọ̀ jìyà. Báyìí ni àwọn tí ara wọn le bí òkúta ṣe ń sùn lórí fóòmù.

Ọjọ́ tí àlejò kan, Kareemah, pọn ọmọ rẹ̀ dé, ó fara ti ògiri, ó ní, "Sànnù." Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Mùrí," Àlájà wí fún ọlọ́kadà tó ń bá wọn túmọ̀ Haúsá, "bi í bóyá wọn kì í kúnlẹ̀ nílùú wọn."

"Bóyá ẹ̀rù yín ló ń bà á, Àlájà."

"Tí ẹ̀rù mi bá ń bà á, ṣebí ì bá ti wólẹ̀."

Ẹní ẹnu ọ̀nà ló fún un, níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà kọjá.

Nírọ̀lẹ́, bí Àlájà ti kírun tán tó wẹ̀yìn, ó rí Kareemah tó jókòó sórí àpótí, tó ń kírun. Níbi tó yẹ kó forí kanlẹ̀, orí nìkan ló tẹ̀ síwájú. Àlájà ro ó. Èèyàn lè gbéraga sí Ṣẹ̀fíátù. Ó ti rí irú wọn lọ́jà Odò-Ọ̀rì. Ṣùgbọ́n ta ní í sá ogun wá, tí yóò tún máa ṣe fáàrí sí Ọlọ́run?

"Mùrí, ní kó jẹ́ n rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Kí ìwọ kọjú sí ògiri."

Kareemah di ìró mú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ní kò sí nǹkan kan," Mùrí wí. "Ó ní lójú ọ̀nà, wọ́n sọ pé tí ara èèyàn ò bá yá, wọ́n á gbé e lọ síbòmíì, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Sọ fún un pé ojú ọ̀nà purọ́. Ọmọ ẹ̀ ò ní kúrò lẹ́yìn ẹ̀ níṣojú mi."

Kareemah jọ̀wọ́ ìró. Àlájà kúnlẹ̀, ó rọra ká a sókè. Orúnkún náà wú tó orí ọmọ tó pọ̀n. Orí ọkọ̀ ẹrù ló ti já bọ́ nígbà tí wọ́n ń sá.

"Àlájà," Mùrí sọ fún ògiri, "mo gbọ́ tí orúnkún kanlẹ̀. Ta ló ń kí ta?"

"Panu mọ́, kó o lọ fi ọ̀kadà ẹ gbé nọ́ọ̀sì wá."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin kan tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ dùn ún wò bá ara rẹ̀ lórí ẹní. Kareemah àti ọmọ rẹ̀ wà lórí fóòmù.

Láti ìgbà náà, tí àlejò bá dé, Àlájà á ní kó jókòó ná, á bi í níbi tó ń dùn ún, kó tó gba ìkíni.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà san, Kareemah wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì.

"Dìde, dìde," Àlájà wí, "rọra ṣe orúnkún yẹn."

Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán kó tó sọ ọ́.