Kì Í Ṣe Ọ̀kan, Kì Í Ṣe Èjì

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ ní Peckham láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, irú èyí tí kì í dún lórí òrùlé, ṣùgbọ́n tí aṣọ ènìyàn á ti rin gbingbin kó tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Iṣẹ́ kẹ́à ni mo ṣì ń ṣe nígbà náà, ìyẹn ni pé mò ń lọ sílé àwọn arúgbó láti wẹ̀ fún wọn, láti fún wọn lóúnjẹ, kí n sì rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Ìyá Júù kan tó ń dá gbé ní New Cross ni mò ń lọ bá. Màmá ni mo máa ń pè wọ́n.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ilé wa ná. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa nítòsí Ìwó, kò sẹ́ni tó ń ka ọmọ. O lè ka iṣu, o lè ka ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, a dúpẹ́." Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo ti tó ọmọ ọdún méje nígbà tí òjò ká wa mọ́ odò lọ́jọ́ kan. Gbogbo wa sáré wálé. Bí a ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù bà mí pé a ti lè gbàgbé ẹnì kan sọ́nà, ni mo bá to àwọn ọmọ ìyá mi mọ́ ara ògiri, mo ń nàka sí wọn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo kà á dé orí ara mi, a pé mẹ́fà. Ìyá bàbá mi gbá ìka mi dànù. Wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́ kí n máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ibà fi mú àbúrò mi ọkùnrin, èyí tó kéré jù nínú wa. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lórí ẹní, ló bá lọ. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, ìwò yẹn ni mo sì gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo bímọ níbí, mi ò kà wọ́n rí. Bí a bá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Camberwell, orúkọ wọn ni mo máa ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn á fi jẹ́.

Ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ òjò Peckham yẹn, mo bá àga tí wọ́n tò sí pálọ̀ Màmá. Àyájọ́ ikú ọkọ wọn ni, àwọn ọkùnrin ìjọ wọn sì ń bọ̀ wá ṣe àdúrà òwúrọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè ṣe irú àdúrà tí wọ́n ń ṣe nítorí òkú. Ọmọ àbúrò ọkọ Màmá, géńdé onírùngbọ̀n kan, dúró láàárín pálọ̀, ó ń wo àwọn tó ti dé lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kùn lábẹ́ ẹnu pé, "Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe èjì, kì í ṣe ẹ̀ta." Mo gbé ife tíì ọwọ́ mi kalẹ̀, mo tẹ́tí. Ó dé orí kì í ṣe ẹ̀sán, ó dúró. Ẹnì kan kù, bọ́ọ̀sì ti dá a dúró ní Deptford. Màmá wò mí, wọ́n ní ká ní wọ́n ń gba obìnrin ni, tó tún jẹ́ Mùsùlùmí, èmi ni ì bá ṣe ìkẹwàá, kí a tètè parí, torí ebi ń pa àwọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹni tó kù dé, wọ́n sì ṣe àdúrà wọn.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, tí mò ń fọ ife, mo bi Màmá pé kí ló dé tí géńdé náà fi ń ka èèyàn bí ẹni tí kò kà á. Wọ́n ní àwọn Júù kì í ka èèyàn tààrà. Bàbá àwọn, tó kọ́ ìmọ̀ àṣírí ẹ̀sìn wọn, ló ṣàlàyé nọ́ńbà fún àwọn. Létà kọ̀ọ̀kan nínú èdè Hébérù ló ní iye tirẹ̀, tí a bá sì ro iye àwọn létà inú ọ̀rọ̀ kan pọ̀, ọ̀rọ̀ náà á tú àṣírí ara rẹ̀. Ìyè jẹ́ méjìdínlógún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn méjìdínlógún. Inú ìmọ́lẹ̀ mẹ́wàá ni oore Ọlọ́run ń gbà wọ inú ayé. Nọ́ńbà lágbára lójú wọn, a kì í kàn gbé e lé èèyàn lórí bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn àfáà wa náà ń ṣírò orúkọ báyẹn. Màmá ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá, ohun tí wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yé mi.

Mi ò mọ ohun tó là mí lẹ́nu. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri, ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí. Mo jókòó, mo sọ fún Màmá pé kíkà tí mo kà wá ló pa àbúrò mi.

Wọ́n béèrè ìdí tí mo fi kà. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí pé ẹnì kan lè ti sọnù.

"Ìfẹ́ lédè wa jẹ́ mẹ́tàlá," ni Màmá wí. "Ọ̀kan náà jẹ́ mẹ́tàlá. Rò wọ́n pọ̀, wọ́n á jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nọ́ńbà orúkọ Ọlọ́run nìyẹn. Bàbá mi ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ máa ń kà wá, torí pé a jẹ́ ọ̀wọ́n lójú rẹ̀. Ìwọ náà, àwọn tí o fẹ́ràn lò ń wò bóyá wọ́n pé."

Mo ní, "Àmọ́, Màmá, ó kú."

"Ó kú. Ibà ló pa á. Jọ̀ọ́, bá mi wá bàtà mi."

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ka ohun gbogbo. Fóònù wọn ń ka ìṣísẹ̀ wọn, ó ń ka oorun wọn, ó ń ka iye ẹni tó wo fọ́tò wọn. Kò sẹ́ni tó ń gbá ìka wọn dànù, mi ò sì ní kí wọ́n má kà. Nígbà tiwa, ọ̀wọ̀ wà nínú ohun tí a kì í fẹnu kà, ẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n fún àwa ọmọdé ní ẹ̀rù náà, wọn ò bá wa tú u palẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí èmi àti Màmá sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò níṣẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìwó, torí èmi àti àwọn nìkan la kù nínú àwọn tó dúró tira ògiri lọ́jọ́ yẹn. Mo dárúkọ àbúrò wa tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti ń húkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá wa ní kó má jáde, àwọn sì pọ̀n ọ́n lọ sódò, òjò pa á. Wọ́n ní láti ìgbà náà ni àwọn ti mọ̀ pé àwọn ni àwọn pa á.

Mo jẹ́ kí wọ́n sunkún tán. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ láti orí wọn, torí àwọn ni àkọ́bí, mo ka gbogbo wa fún wọn lórí fóònù, òkú àti alààyè, mo sì kà á pé mẹ́fà.